Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí mo fowó ara mi rà

"Ẹ̀yin Àǹtí, kí lẹ ṣe tí wọ́n fi kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí yín lọ́wọ́?"

Ohun tí ọmọ iṣẹ́ mi àgbà kọ́kọ́ sọ nìyẹn lọ́jọ́ tí mo gbé nǹkan yìí dé ṣọ́ọ̀bù. N ò bá a wí, torí ó jọ ọ́ lóòótọ́. Bẹ́líìtì dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ń fà bíi rọ́bà ìdí pátá, irin pẹlẹbẹ kan sì wà nínú rẹ̀ tó máa ń kan ara. Okùn tó lọ́ kókó bíi ti tẹlifóònù ilé ayé àtijọ́ ló so mọ́ ọn, kílíìpù ẹlẹ́nu ọ̀nì wà ní ìdí okùn náà, òun lèèyàn á fi há waya ẹ́ẹ̀tì tó wọ ilẹ̀ lọ. Ìdè ọwọ́ ni èmi ń pè é (anti-static wrist strap), òun ló ń gba iná ọyẹ́ tó máa ń gbára jọ sí wa lára lọ sínú ilẹ̀, kó má bàa ba inú láptọ́ọ̀pù jẹ́. Oṣù mẹ́wàá rèé tí mo ti ń lò ó, òun àti ẹní orí tábìlì tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún ohun tá a bá gbé lé e. Ọyẹ́ míì ti fẹ́ dé báyìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ti ń bi mí bóyá ó tó nǹkan tí wọ́n á rà. Ó tó. Ṣùgbọ́n owó tí mo kọ́kọ́ ná lórí ẹ̀ bá omi lọ, n ò sì fẹ́ kí tiyín bá a lọ.

Láptọ́ọ̀pù ni mò ń tún ṣe, ní Ìbàdàn níbí, láti ọdún 2014. Fóònù náà máa ń wọlé, àmọ́ láptọ́ọ̀pù ni mo fi ń jẹun. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n ò de nǹkan kan mọ́wọ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í dè é, ẹni tó kọ́ òun náà kò dè é. Ohun tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ ni pé kéèyàn fọwọ́ kan irin kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù inú láptọ́ọ̀pù. Kì í ṣe irọ́, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í pẹ́. Ìgbà tó o bá ti yí ìdí lórí àga rọ́bà lẹ́ẹ̀kan sí i, o ti tún kó iná míì jọ.

RAM kan, ìyẹn ohun tí láptọ́ọ̀pù fi ń rántí iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, ló sọ mí di ẹni tó ń de ọwọ́. Oṣù kìíní ọdún yìí, ọyẹ́ mú débi pé ètè ń bẹ́, ilẹ̀kùn onígi tí kì í tì dáadáa nígbà òjò wá ń tì fúnra rẹ̀. Agbẹjọ́rò kan gbé láptọ́ọ̀pù wá pé kí n fi 8 GB kún 8 GB tó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Súwẹ́tà ló wà lọ́rùn mi, ìyẹn àwọn tó jọ òwú tí kì í ṣe òwú, àga rọ́bà ni mo jókòó sí, kápẹ́ẹ̀tì náílọ́nù sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi torí pé mo fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù rẹwà. Mo fa RAM tuntun náà yọ nínú ọ̀rá rẹ̀, mo ní kí n tì í bọ ojúhò, ni mo bá gbọ́ "tá!" ní orí ìka. Ó ta mí bí abẹ́rẹ́. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo tẹ bọ́tìnnì, láptọ́ọ̀pù kò gbéra. Mo yọ tuntun, ó gbéra. Mo pààrọ̀ ojúhò, mo gbé RAM náà sínú láptọ́ọ̀pù míì, òkú ni. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí nǹkan tó ṣe é nígbà tó kúrò lọ́wọ́ òun, mo sì san owó RAM kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì.

Bí wọ́n bá ní kí n wá fi irin búra pé iná ọyẹ́ ló pa á, n ò ní búra. Ó lè ti kú kó tó dé ọwọ́ mi. Àmọ́ láti ìgbà yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sẹ́yìn, sí àwọn iṣẹ́ tí mo ṣe nígbà ọyẹ́ tó kúrò níwájú mi láàyè, tó wá padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú àìsàn tí n ò mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ iná yìí. Òun ló máa ń dún tàtàtà tẹ́ ẹ bá bọ́ súwẹ́tà lókùnkùn, tí ẹ ó rí iná wẹ́wẹ́ lára aṣọ. Òun ló máa ń ta yín tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tẹ́ ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Nǹkan méjì tó bá fara kanra tó sì yà, pàápàá rọ́bà, ọ̀rá àti aṣọ tí kì í ṣe òwú gidi, ọ̀kan á kó iná lára èkejì. Nígbà òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ àti ti ara nǹkan máa ń jẹ́ kó rọra sá lọ. Nígbà ọyẹ́, kò rí ọ̀nà lọ, á máa gbára jọ sí ọ lára. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti mànàmáná, ti ojú ọ̀run ló kàn tóbi. Ohun tó sì yẹ kó dẹ́rù ba oníṣẹ́ ni pé kó o tó lè mọ̀ ọ́n lára, ó ti tó nǹkan bíi 3,000 volt. Àwọn nǹkan kan wà lórí bọ́ọ̀dù tó jẹ́ pé iná náà kò ní tó 100 volt kó tó jó wọn nínú lọ́hùn-ún. Ìyẹn ni pé iye ìgbà tó ta ọ́ kọ́ ni kó o máa kà. Èyí tí kò ta ọ́ ló pọ̀ jù. Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó bá kàn ló máa ń kú lójú ẹsẹ̀. Òmíràn á kàn fara gbọgbẹ́, á ṣiṣẹ́ lọ fún oṣù kan, á wá kú sọ́wọ́ oníbàárà.

Bí mo ṣe gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ nìyẹn, mo ra èyí tí kò ní okùn. ₦4,200. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé afẹ́fẹ́ ni iná ara rẹ á gbà lọ, kò ní dí ọ lọ́wọ́, o lè rìn káàkiri. Ó wù mí, ta ni kò ní wù? Mo dè é fún ọjọ́ méjì, mo sì tún gbọ́ "tá" nígbà tí mo fọwọ́ kan irin kábíńẹ́ẹ̀tì. Mo wá fi ọ̀bẹ ṣí i. Resistor kékeré kan, ìyẹn ohun tó máa ń dín iná tó ń kọjá kù, ló wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan so mọ́ irin tó ń kan ara, ẹsẹ̀ kejì so mọ́ ṣúrúù tó wà lókè. Ó parí síbẹ̀. Gọ́tà tí wọ́n gbẹ́ láti àárín àgbàlá dé àárín àgbàlá. Ẹ má ra á, ì báà jẹ́ ₦500.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ra olókùn, ₦3,500, àti ẹní, ₦18,000. Nínú orí okùn náà, resistor kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ mílíọ̀nù kan ohm (ohm la fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó). Àwọn kan máa ń rò pé ìṣòro nìyẹn jẹ́, pé ṣebí iná la fẹ́ kó tètè lọ. Ó ń lọ. Iná tó wà lára èèyàn kò pọ̀ rárá, àní kójú tó ṣẹ́, ó ti gba inú resistor yẹn kọjá. Ẹ̀mí rẹ ni resistor ń ṣọ́. Bí ìka rẹ bá ṣèèṣì kan waya tí iná 240 volt wà nínú rẹ̀, tí ìdè ọwọ́ sì dè ọ́ mọ́ ilẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin mílíámpù ni yóò gba ìdè ọwọ́ náà kọjá. Ìyẹn kò tó nǹkan. Yọ resistor yẹn kúrò kó o wá wò ó.

Ọmọ iṣẹ́ mi kékeré fẹ́ wò ó. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe ni, kì í fẹ́ náwó. Mo ti ọ̀dọ̀ olóúnjẹ dé, mo bá a tó ti gé waya lára ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n àtijọ́, ó bó ojú ẹ̀, ó lọ́ bàbà mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, ó sì so ìdí kejì mọ́ ojú ẹ́ẹ̀tì. Áyọ̀n tá a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì wà lọ́wọ́ kejì.

"Àǹtí, tiyín náà kọ́ rèé? ₦3,500 lẹ fi ra tiyín o!"

Mo pariwo débi pé àwọn tó ń ta ike lódìkejì wá yọjú. Ẹni tó so ara rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ní tààrà, tó wá ń ṣiṣẹ́ níbi tí iná wà, ó ti ṣe ara rẹ̀ ní ọ̀nà tí iná máa gbà. Mo bá a tú u. Èmi náà ni mo tún padà ra olókùn gidi fún un, màá dé ibẹ̀.

Ohun tó bá ti jẹ́ ìdè ọwọ́, ẹ fi mítà wò ó kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́. Mítà yẹ́lò kékeré tí gbogbo wa ní yẹn ti tó. Ẹ yí i sí 2000k, ibi tó ti ń ka ẹgbẹ̀rún ohm, ẹ fi ẹnu kan mọ́ irin inú bẹ́líìtì, ẹ fi ẹnu kejì mọ́ kílíìpù. Tèmi mú 996, ìyẹn ni pé ó kù díẹ̀ kó pé mílíọ̀nù kan. Bí ó bá mú 0, wọn ò fi resistor sí i, ẹ dá a padà. Bí ó bá mú 1 kan ṣoṣo ní ọwọ́ òsì, waya ti já nínú. Ẹ máa mi okùn náà bẹ́ ẹ ṣe ń wò ó o. Ní oṣù keje, tèmi ṣì ń mú 996 tó bá dúró jẹ́ẹ́, àmọ́ tí mo bá ti ká ọrùn okùn náà níbi tó ti wọ orí kílíìpù, á fò sí 1. Bàbà inú rẹ̀ ti kán, rọ́bà ìta ló ń tàn mí. Èèyàn á de ọwọ́ tán, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé òun kò so mọ́ nǹkan kan. Àárọ̀ àárọ̀ ni mo ń wò ó báyìí, kí n tó tan iná tábìlì.

Ọ̀ràn fasílín wá ni mi ò rí ẹni sọ fún mi. Nígbà ọyẹ́, ta ni kì í fi nǹkan para? Èmi a fi òrí pa ẹsẹ̀, màá fi fasílín pa ọwọ́ dé ìgbúnwọ́. Lọ́jọ́ kan mo gbé mítà ńlá tó ní 20M, tó lè kà dé ogún mílíọ̀nù ohm, mo de ọwọ́ ọ̀tún, mo fi ìka òsì di ẹnu mítà kan mú, mo fi èkejì sí kílíìpù, kí n lè mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí pẹ̀lú ara mi nínú. Kò mú nǹkan kan. Mo rò pé okùn ti já. Mo lọ fi ọṣẹ fọ ọrùn ọwọ́, mo nù ún, mo tún dè é: 3.1, ìyẹn mílíọ̀nù mẹ́ta ohm lé díẹ̀. Fasílín ló jókòó sáàárín awọ mi àti irin. Ara tó gbẹ jù náà kò dáa, tó bá rí bẹ́ẹ̀, mo máa ń fi omi tọ́ ojú ibẹ̀ díẹ̀ kí n tó dè é. Láti ọjọ́ náà, ìpara mi dúró níbi tí aago máa ń wà.

Ibo lẹ ó wá fi kílíìpù há? Ibí ni owó tó ju ti ìdè ọwọ́ lọ wà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù mi ní ojú mẹ́ta, mo sì ti fọkàn tán ojú kẹta, tó yẹ kó jẹ́ ti ẹ́ẹ̀tì, fún ọdún mélòó kan. Oníṣẹ́ iná tí mo pè tú u, kò sí waya kankan lẹ́yìn rẹ̀. Onílé ra sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú mẹ́ta, ó fa waya méjì sí i. Ẹ má gbójú lé ojú kẹta láìjẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ti wò ó fún yín, ẹ má sì fọwọ́ ara yín tú u. Ọ̀pá bàbà la wá gbá mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, nítòsí ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí, torí ilẹ̀ tó tutù ló ń gba iná. Èédú àti iyọ̀ ni wọ́n máa ń dà sí ìdí rẹ̀. Èédú dáa, iyọ̀ a máa jẹ irin, mo ní kó dín in kù. Bí ọyẹ́ bá ti mú, korobá omi kan lọ́sẹ̀ kan ni mò ń dà sí ìdí ọ̀pá náà. Àwọn aládùúgbò rò pé mò ń bọ nǹkan níbẹ̀.

Àǹfààní kan bá a rìn tí n ò ronú kàn. Láptọ́ọ̀pù onírin tí àwọn oníbàárà máa ń sọ pé "ó ń gbé iná", tí èèyàn bá fọwọ́ rá ẹ̀yìn rẹ̀ á máa rìn yìnrìn lára, kì í ṣe iná ọyẹ́ nìyẹn. Iná díẹ̀ ló ń jò láti inú ṣájà. Tó bá jẹ́ ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí ojú ẹ́ẹ̀tì sọ́kẹ́ẹ̀tì sì so mọ́ ilẹ̀ lóòótọ́, kò ní sí mọ́. Ó tán ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Ẹ ó ní nígbà tí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́, tó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lórí táyà ló ń gbé wa? Okùn kan náà, ọ̀pá kan náà, kò sí ohun tó kan iná tó ń wọlé. Àní níbi tí kò sí ọ̀pá rárá, bí mo bá lọ ṣiṣẹ́ nílé oníbàárà, mo máa ń so ara mi, ẹní àti irin ara láptọ́ọ̀pù náà pọ̀ sójú kan. Ohun tó ń fa "tá" ni pé iná ara rẹ ga ju ti bọ́ọ̀dù lọ. Bí gbogbo wa bá dúró lórí àkàsọ̀ kan náà, kò sẹ́ni tó máa já bọ́ sórí ẹnì kan.

Ẹní náà, mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ó ní tirẹ̀. Ó ń rùn bíi táyà tuntun fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Etí rẹ̀ ká sókè, mo ní láti fi ìwé ńlá tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀dì gbígbóná tó kán sí i kò jó o wọnú, ojú àpá nìkan ló kù. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ ni mo fi ń nù ún. Ohun tí kò lè ṣe ni kó gba iná kúrò lára ọ̀rá. Iná tó bá wà lára rọ́bà àti ọ̀rá kì í gba okùn lọ, ibi tó wà ló máa jókòó sí. Nítorí náà, kò sí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lórí tábìlì mi mọ́, kò sí ife rọ́bà, mo sì máa ń jìnnà sí bọ́ọ̀dù tí mo bá ń bó ọ̀rá ojú síkírìnnì tuntun, torí bíbó yẹn gan-an ń bí iná.

Ohun tó bí mi nínú jù ni gígùn okùn. Ní oṣù kẹrin, bàbá kan wọlé, àgbàlagbà tó ju bàbá mi lọ. Mo dìde, mo ní kí n kúnlẹ̀ kí wọn. Okùn fà mí padà láàárín méjì, n ò kúnlẹ̀ n ò dìde, ẹ̀mú fò lọ sábẹ́ kábíńẹ́ẹ̀tì, pín-ín-tín ni láptọ́ọ̀pù ì bá fi tẹ̀ lé mi. Bàbá wo ọwọ́ mi. "Ọmọ mi, ta ló so ọ́ mọ́lẹ̀?" Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà ti sá jáde síta lọ rẹ́rìn-ín. Bọ́tìnnì tó so okùn mọ́ bẹ́líìtì máa ń já fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá fà á, ìyẹn dáa, ti ọjọ́ yẹn ló le. Mo ti tú u tú u títí tó fi rọ̀ báyìí.

Ẹ bọ́ ìdè ọwọ́ tó bá jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣí kì í ṣe bọ́ọ̀dù tútù, ìyẹn èyí tí kò sí iná lára rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n onígíláàsì ayé àtijọ́, maikirowéèfù, inú àpótí tó ń gbé iná fún ẹ̀rọ tí waya rẹ̀ ṣì wà lára ògiri, kò sí ìdè ọwọ́ níbẹ̀. Iná inú wọn ju ohun tí resistor kékeré yẹn lè dá dúró lọ, àwọn kan nínú wọn sì ń fi iná pamọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì.

Bí mo bá ní kí n fún wọn ní máàkì, ìdè ọwọ́ olókùn gba méje nínú mẹ́wàá, okùn rẹ̀ ló jẹ mẹ́ta. Ẹní gba mẹ́jọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó méjèèjì, kó ra ìdè ọwọ́ ná, kó sì fi owó tó kù pe oníṣẹ́ iná.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo lọ ra ti ọmọ iṣẹ́ mi kékeré, mo gbé mítà yẹ́lò dání. Mo ṣí àkọ́kọ́, mo wò ó: 1. Mo wo èkejì: 1. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á dojú rú.

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ ra ọjà ni, àbí ẹ fẹ́ wá ṣe ìdánwò?"

"Mo fẹ́ ra á, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi mú ọ̀kan wá nínú páálí ìsàlẹ̀."

Ó rojú, ó wú u jáde. 991. Mo mi okùn rẹ̀ lọ mi í bọ̀, kò yẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà dá ọwọ́ mi dúró níbi tí mo ti ń ka owó, ó ní kí n kọ́kọ́ fi mítà yẹn bá òun wo ìyókù tó wà nínú páálí.